Ìbejì Ṣùkúrátù Tí Ẹnikẹ́ni Ò Rí

Ìyàwó mi lẹ́nu. Ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tó kú, àwọn tó wá kí mi ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Mo wò wọ́n. Ó ti bá ìdajì wọn jà. Obìnrin tó ń sunkún jù níbẹ̀, Ṣùkúrátù ti pè é ní ewúrẹ́ tó wọ kọ́mú rí, lójú gbogbo ọjà. Obìnrin náà ti gbàgbé. Èmi ò gbàgbé, torí èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́.

Àbíjáàn ni wọ́n ti bí i. Ará Ẹ̀jìgbò ni bàbá rẹ̀, Alájì Mùhámmẹ́dù, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń ta aṣọ ní Kódífúà. Wọ́n rán Ṣùkúrátù wá sílé pé kó wá mọ ilé bàbá rẹ̀, kó má baà lọ fẹ́ ọkùnrin tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó dé, ó fẹ́ ọkùnrin tí kò gbọ́ Faransé. Èmi nìyẹn, Àdìsá.

Ọ̀kadà ni mò ń gùn. Mo gbé e láti Ẹ̀jìgbò, ó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Gbogbo kòtò tí mo bá kó sí, á sọ nǹkan kan ní Faransé. Mo rò pé àdúrà ni. Mo ń ṣe àmín. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ ló tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kà á. Kò sí àdúrà kankan níbẹ̀. Orí mi, ojú mi, ìdí mi, ẹni tó kọ́ mi ní ọ̀kadà, gbogbo wa ló bú. Mo ní màá dúró dè é kí n gbé e padà. Mi ò gba kọ́bọ̀.

Alfa Yẹ̀kínì ló so yìgì wa. Ìyá mi ò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀, pé tó bá ń kí àgbà, ńṣe ló dà bíi pé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ mú un. Òótọ́ ni. Nínú yàrá, “ìwọ” ló ń pè mí. Níwájú ìyá mi, “ẹ̀yin” ni. Tí inú bá bí i, á gbàgbé ibi tó wà.

Ẹ̀gẹ́ la ní níbí. Iṣu náà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ló pọ̀. Àwọn obìnrin wa ń fi ṣe gàárì, wọ́n ń fi ṣe fùfú, ó tán. Ṣùkúrátù wò ó, ó ní ìwà ìkà gbáà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtíkẹ́, oúnjẹ àwọn ará Kódífúà. Á rin ẹ̀gẹ́, á fún omi rẹ̀ dànù, á kù ú wẹ́wẹ́, dípò kó wá yan án lórí iná, ooru omi ló máa fi sè é. Ìyá mi tọ́ ọ wò.

Wọ́n ní, “Gàárì tí iná ò dé rèé.”

Ṣùkúrátù ní, “Ẹ gbé e padà wá nígbà náà, Màmá.”

Ìyá mi ò gbé e padà. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fìka nu abọ́.

Ó gbé e lọ sí oríta, òun pẹ̀lú ẹja díndín, àlùbọ́sà àti ata tútù. Àwa ọlọ́kadà ló ń jẹ ẹ́, àti àwọn tó ń kó iṣu lọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ń tà, ó ń bú oníbàárà. Tó o bá ní kó fún ẹ ní ẹja tó tóbi díẹ̀, á ní kó o lọ fẹ́ ọmọ apẹja. Síbẹ̀ wọ́n ń wá. Mo rò pé torí èébú yẹn ni àwọn mìíràn ṣe ń wá.

A bí Bàrákátù. Ọmọ náà bọ́ bí ọṣẹ. Ṣùkúrátù ní òun ò tiẹ̀ tíì bú mi tán tí ọmọ ti jáde, ó wá ní kí n jókòó kí òun parí rẹ̀.

Oyún kejì ló yàtọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Bàtà mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀. Nígbà tó yá, bàtà mi náà ò gbà á mọ́. Ojú rẹ̀ wú, ìka ọwọ́ rẹ̀ wú, òrùka há sí i lọ́wọ́. Gbogbo ilé wò ó, inú wọn dùn. Wọ́n ní ìbejì ni.

Màmá Yéjídé ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, inú ilé kan náà là ń gbé. Wọ́n bí ìbejì lẹ́ẹ̀kan, látìgbà náà ni wọ́n ti di ọ̀gá gbogbo ikùn tó wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Wọ́n lè wo obìnrin látẹ̀yìn kí wọ́n sọ ohun tó wà níwájú rẹ̀.

“Ṣùkúrá, ṣé bí ẹsẹ̀ ẹ ṣe wú nìyí nígbà Bàrákátù?”

“Rárá, Màmá.”

“Ó tán! Ọmọ kan ò lè wú ẹsẹ̀ báyìí. Méjì ni wọ́n. Oníkálukú ti mú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.”

“Orí mi tó ń fọ́ wá ńkọ́? Ta ló mú ìyẹn?”

“Wọ́n ń jà ni. Ẹni tó máa kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ń jà lé lórí.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi gbé ẹ̀wà kaná, torí ìbejì fẹ́ràn ẹ̀wà, wọ́n sì ní àwọn ò ní dúró dìgbà tí wọ́n bá dé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú wọn. Wọ́n ra fìlà méjì, báàfù méjì. Àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Bàbá Ìbejì, mo ń dáhùn, eyín mi ò sì wọlé. Ṣùkúrátù alára ń jẹ ayé. Wọ́n ń dìde fún un lórí àga. Wọ́n ń bu ẹ̀wà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní tó bá jẹ́ báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe ìbejì, òun á máa wú lọ.

Ṣùgbọ́n ó lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì so nǹkan mọ́ ọn lápá, ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru púpọ̀, kó lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀jìgbò, kó má jẹ iyọ̀.

Màmá Yéjídé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. “Ẹ̀jẹ̀ èèyàn mẹ́ta ló wà lára ẹnì kan. Ṣé nọ́ọ̀sì fẹ́ kó máa rìn nílẹ̀ ni?”

Mo gbé Ṣùkúrátù lọ síbẹ̀ náà. Wọ́n fi nǹkan yíyọ̀ pa á níkùn, wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó. Ọmọ kan. Obìnrin. Dókítà tó rí i sọ pé kó padà wá láìpẹ́, pé ẹsẹ̀ yẹn ò tẹ́ òun lọ́rùn. Nígbà tá a délé, àwọn obìnrin ti jókòó, wọ́n ń retí.

Ṣùkúrátù ní, “Ọ̀kan ni o. Mo fi ojú mi rí i. Ó ń mu ìka.”

“Ẹ̀rọ yẹn,” Màmá Yéjídé ní, “ṣé ó lè wo ẹ̀yìn ni? Ìkejì wà lẹ́yìn èkíní. Kẹ́hìndé kì í fẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò.”

“Tó bá wà lẹ́yìn lóòótọ́, Màmá, ẹ bá mi sọ fún un kó dá ẹsẹ̀ mi padà.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn pọ̀ débi pé a ò padà lọ rí dókítà. Ìyá mi ní kí la fẹ́ lọ ṣe, kí wọ́n lè rí i là ni? Wọ́n ní ìbejì kì í ṣe àìsàn. Tí Ṣùkúrátù bá ní òun ń rí iná wẹ́wẹ́ lójú, Màmá Yéjídé á ní ògo àwọn ọmọ ló ń tàn. Ó sọ fún èmi náà nínú yàrá. Ó ní, “Àdìsá, ògo yìí ti pọ̀ jù o.” Mo ní kó lọ sùn.

Àtíkẹ́ ló wà lórí iná lọ́jọ́ náà. Ó ń fi ọwọ́ tú u kó má baà dì. Oòrùn ti mú. Ó dìde láti mú igbá, ó ṣubú, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bíi ti ọmọ tí gìrì mú. Màmá Yéjídé ń pariwo kí wọ́n mú ṣíbí wá. Mo gbé ọ̀kadà. Kò lè jókòó fúnra rẹ̀, ni ìyá mi bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n mú ọ̀já, wọ́n fi dè wá mọ́ra, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo kó sí gbogbo kòtò tó wà lọ́nà Ẹ̀jìgbò. Kò bú mi ní ọ̀kankan.

Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n là á. Wọ́n gbé ọmọ jáde, obìnrin, ó ń ké. Ìyá rẹ̀ ò jí. Dókítà jáde wá bá wa. Ọ̀dọ́ ni, sílípáàsì ló wọ̀.

Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni. Ẹsẹ̀ wíwú, orí fífọ́, iná tó ń rí lójú, àìsàn kan náà ni gbogbo rẹ̀.”

Ìyá mi gbé ọmọ mọ́ra. Wọ́n ní, “Ìkejì ńkọ́?”

“Ìkejì wo, Màmá?”

“Kẹ́hìndé.”

“Ọ̀kan ló wà níbẹ̀, Màmá. Ọwọ́ èmi fúnra mi ló wọ inú rẹ̀.”

Ìyá mi fi ọ̀já wé ọmọ, wọ́n gbé e mọ́ra títí a fi délé.

Ọjọ́ náà la sin ín, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Àwọn àgbà kì í tẹ̀lé òkú ọ̀dọ́ dé sàréè, torí náà, Alfa Yẹ̀kínì àti àwa ọlọ́kadà la wà níbẹ̀. Bá a ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ọ̀kan nínú wọn ní, “Obìnrin yìí ò fún mi ní ẹja gidi rí.” A bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. A ò lè dúró. Alfa wò wá títí, ó ní ká ṣe àmín.

Kí iyẹ̀pẹ̀ náà tó gbẹ, Màmá Yéjídé ti rí àlàyé. Wọ́n ní Kẹ́hìndé ló bínú. Wọ́n ní àwọn dókítà la ikùn nígbà tí Kẹ́hìndé ò tíì múra tán, ló bá yí padà, ó mú ìyá rẹ̀ dání. Wọ́n ní ká sọ èyí tó kù ní Táyéwò, ká gbẹ́ ère fún èkejì, kó má baà padà wá mú un. Ifẹ̀-Ọ̀dàn gbà á. Ó dùn ún gbọ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi níbẹ̀, àfi ẹni tí kò sí.

Mo ní ìyá mi wà ní ọsibítù lọ́jọ́ náà, kí wọ́n bi wọ́n. Wọ́n bi wọ́n. Ìyá mi dìde, wọ́n lọ fọ abọ́.

Ká ní orúkọ nìkan ni, ǹ bá ti jẹ́ kí ó lọ. Ọmọ mi á kàn máa bá ẹni tí kò sí pín ẹ̀wà jẹ títí ayé, èèyàn ti rí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Ifákẹ́mi wà nínú ilé. Ìyàwó Àlàbí àbúrò mi ni. Àlàbí wà ní Àbíjáàn, ó ń ṣe káfíńtà, ó fi ìyàwó àti oyún sílé fún wa. Oyún náà ti tóbi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Ifákẹ́mi na ẹsẹ̀ sórí ẹní, Màmá Yéjídé wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́.

“Ilé ìbejì nilé yìí! Kẹ́hìndé ti ń padà bọ̀, ó tún mú ẹnì kejì dání!”

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ifákẹ́mi ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹsẹ̀ náà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i nínú bàtà mi.

Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí Ẹ̀jìgbò. Ó ní, “Ẹ má bínú, bọ̀ọ̀dá mi. Ọkọ mi ní ohun tí ìyá òun bá sọ ni kí n máa ṣe.” Mo pe Àlàbí lórí fóònù. Mo sọ títí. Ó ní, “Kí ni Màmá sọ?”

Màmá ò sọ nǹkan kan. Èyí ló ń lé oorun kúrò lójú mi. Ẹnu ìyá mi nìkan ló lè gbé Ifákẹ́mi dé ọsibítù, ẹnu yẹn sì ti pa dé. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo bínú. Mo tiẹ̀ kígbe mọ́ wọn, ohun tí mi ò ṣe rí. Wọ́n ń fún ọmọ ní mílíìkì, wọ́n ń wo ògiri.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ dé. Wọ́n tẹ́ ẹní síta. Alfa Yẹ̀kínì jókòó, àgbò kan wà lórí ìso. Màmá Yéjídé wọlé pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀wà ńlá kan àti báàfù méjèèjì. Ifákẹ́mi na ẹsẹ̀ síwájú, ó ti wú dé orúnkún.

Alfa ní, “Orúkọ wo lẹ fún un?”

Mo ní, “Wàlíyátù. Orúkọ ìyá ìyá rẹ̀.”

“Táyéwò,” Màmá Yéjídé ní. “Táyéwò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.”

Alfa wò mí, ó wo Màmá Yéjídé, ó wo orí ìso. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀kan ni àbí méjì? Àgbò kan ni mo rí. Tí wọ́n bá jẹ́ méjì, àgbò méjì ni.”

“Ọ̀kan wà láàyè, Alfa. Ọ̀kan ti lọ.”

Mo dìde. Mo ní, “Ta ló rí ìkejì? Ẹni tó bá rí i níbí, kó nawọ́.”

“Àdìsá, jókòó. Ìbànújẹ́ ló ń ṣe ẹ́.”

“Ó ń ṣe mí, Màmá. Ṣùgbọ́n mo ṣì lè kà á dé oókan.”

Àwọn ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín. Màmá Yéjídé fọwọ́ sí ìbàdí. “Ó dáa. Ìwọ ò sí nínú yàrá tí wọ́n ti là á, èmi náà ò sí níbẹ̀. Ìyá ẹ ni wọ́n gbé ọmọ fún. Fáyọ̀kẹ́, sọ fún ọmọ ẹ.”

Gbogbo wọn yíjú sí ìyá mi. Ọmọ wà lórí itan wọn. Wọn ò wo èmi, wọn ò wo Màmá Yéjídé. Ẹsẹ̀ Ifákẹ́mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibẹ̀ jìn wọlé, kò dìde.

“Ọ̀kan ni,” ìyá mi ní.

“O ní kí ni?”

“Ọ̀kan ni wọ́n gbé fún mi. Mo béèrè ìkejì, dókítà wò mí bíi pé orí mi ti dà rú. Kò sí Kẹ́hìndé. Àìsàn ló wà lẹ́sẹ̀ Ṣùkúrátù, òun ló tún wà lẹ́sẹ̀ èyí.” Wọ́n nawọ́ sí ìkòkò ẹ̀wà. “Àìsàn ni mò ń se ẹ̀wà fún látọjọ́ yìí.”

Àgbò nìkan ló ké.

Màmá Yéjídé ní, “Fáyọ̀kẹ́, ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, lójú àlejò?”

“Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi. Àti èmi náà. Àdìsá, lọ gbé ọ̀kadà ẹ. Ifákẹ́mi, dìde.”

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n jẹ ẹ̀wà díẹ̀ ná.”

“Mo ní dìde!”

Alfa sáré sọ ọmọ náà lórúkọ, Wàlíyátù, ó ṣàdúrà kúkúrú, torí ó rí i pé bàbá ọmọ ti ń tẹ iná sí ọ̀kadà. Agbádá wà lọ́rùn mi. Ìyá mi tún jókòó sẹ́yìn. Wọ́n ní nígbà tá a lọ tán, àwọn èèyàn jẹ ẹ̀wà náà tán. Alfa bù ú lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Ẹ̀jìgbò, wọ́n so nǹkan mọ́ Ifákẹ́mi lápá, wọn ò jẹ́ kó padà sílé. Wọ́n ní ká ní a dúró díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un. Ìyá mi ló ń sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Màmá Yéjídé ò gbà títí di ìsinsìnyí. Wọ́n ní ìyá mi ò rí i dáadáa, pé ojú wọn ti rẹ̀. Àwọn náà ló sì ń wẹ Wàlíyátù láràárọ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án, tí wọ́n bá rò pé mi ò sí nítòsí, wọ́n á pè é ní Táyé. Mo máa ń gbọ́. Mo ti fi wọ́n sílẹ̀. Bàrákátù ti ń bú wọn bá mi.

Ifákẹ́mi ò tíì bí. Oúnjẹ tí kò níyọ̀ ni wọ́n ń fún un, ó sì ní èmi ni mo fà á. Lánàá ó pe Àlàbí ní Àbíjáàn, ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ òun di ẹlẹ́wọ̀n, kò jẹ́ kí òun rìn, kò jẹ́ kí òun jẹun, ó ní kí òun dùbúlẹ̀ bí igi. Àlàbí pè mí lójú ẹsẹ̀. Inú ń bí i. Ó ní ṣé òótọ́ ni.

Mo ní òótọ́ ni.